Ta ni oníbàárà àjọ tó ń mójútó tẹ́tẹ́?

Lọ́dún tó kọjá, mo bá aládùúgbò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń mójútó tẹ́tẹ́, nítorí pé ó jẹ tẹ́tẹ́, wọn kò sì san owó rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì náà fún un kọ́kọ́ ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni kò dára. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, àgádágodo la bá lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò ju bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti rìsíìtì POS lọ, àpò ṣòkòtò iṣẹ́ ló sì fi ń gbé e kiri, débi pé àwọn nọ́ńbà orí rẹ̀ ti ń pòórá. Wọ́n gba ẹ̀sùn rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Èmi ni mo béèrè ohun tó mú ojú akọ̀wé le: ẹ̀sùn mélòó ni àwọn ènìyàn ti mú wá nípa ilé-iṣẹ́ yìí kan náà, kí sì ni ọ́fíìsì ṣe sí wọn? Akọ̀wé ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, àṣírí oníbàárà wa nìyẹn." Mo wo káfíńtà tó jókòó tì mí. Mo ti rò pé òun ni oníbàárà.

Èrò ọkàn mi ni pé orúkọ ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ló yẹ kí àjọ wọ̀nyí pa mọ́, kì í ṣe ìwà ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ wa kò sì ní àwáwí kankan mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó ti pe ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, àti pé òfin lọ́tìrì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2005 kò múlẹ̀ níbòmíràn àyàfi ní Àbújá. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kan náà tún dá ẹjọ́ mìíràn, èyí tó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, pé òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìnáwó àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì ni wọ́n ń jà sí lọ́hùn-ún, kò kan tẹ́tẹ́ rárá, ṣùgbọ́n bí a bá so ìdájọ́ méjèèjì pọ̀, ẹni tó gba àkóso tẹ́tẹ́ ti gba ẹrù ìwé rẹ̀ náà.

Òfin ìwé ìjọba ọ̀hún kò sì ṣòro láti lóye. Ẹni tó béèrè kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Ọ́fíìsì tó bá kọ̀ láìtọ́ lè san ìtanràn ₦500,000. Abala 14 dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí ta ló fẹ́ kí àna rẹ̀ ka iye tó ti pàdánù sórí bọ́ọ̀lù? Abala 15, tó sọ̀rọ̀ nípa àṣírí òwò, ni mo fura pé wọn yóò máa sá sí. Ṣùgbọ́n iye ẹ̀sùn tí a fi kan ilé-iṣẹ́ kì í ṣe àṣírí òwò. Bí orúkọ ènìyàn bá sì wà nínú ìwé kan, abala 18 ní kí wọ́n yọ ibi tó yẹ kó pamọ́ kúrò, kí wọ́n sì fún ni ní ìyókù. Yíǹkì dúdú ni iṣẹ́ náà gbà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun kò dọ́gba. Ní Nevada, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí tẹ́tẹ́ ti bófin mu láti ọdún 1931, òfin bo ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Àròpọ̀ àdúgbò ni wọ́n ń gbé jáde lóṣooṣù. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ìpínlẹ̀ yìí kan náà ń fi orúkọ àti fọ́tò àwọn tí wọ́n lé kúrò ní kàsínò, ìyẹn ilé tẹ́tẹ́, han gbogbo ayé láti ọdún 1960. New Jersey, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, ní tirẹ̀ ń kọ iye tí kàsínò kọ̀ọ̀kan ní ìlú Atlantic City pa lóṣooṣù, tòun torúkọ, àwọn kàsínò náà kò sì tìtorí ìyẹn kógbá sílé. Ti New Jersey ni mo fẹ́ kí a wò.

Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì wa yẹn, mo sì dárúkọ òfin náà nínú rẹ̀. Káfíńtà ní kí n da àwọn nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì òun kọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n tó pòórá tán. Wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ajé, òní sì ni ọjọ́ kẹrin.