Ká Lé Akátá Jìnnà Ná

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa òwe yìí bí ẹni pé ó dá adìẹ láre, bẹ́ẹ̀ ìbáwí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, èyí tó yẹ kó ṣíwájú ni òwe ń tò fún wa. (Akátá inú igbó ni mo ń wí o, kì í ṣe orúkọ àbùkù tí àwọn kan nínú wa fi ń pe àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà.)

Ní ọdún 1991, David Duke, tó ti ṣe olórí Ku Klux Klan rí, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, jáde láti du ipò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà. Kò wọ aṣọ funfun ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Súùtù ló wọ̀, ó so táì, ó ń sọ̀rọ̀ owó orí àti owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún tálákà, ẹni tó bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa mọ àwọn tó ń bá wí. Ní ìdìbò àkọ́kọ́, ó fi gómìnà tó wà lórí àga sẹ́yìn, ó wá ku òun àti Edwin Edwards, gómìnà àná tí wọ́n ti gbé lọ sílé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀méjì lórí ẹ̀sùn àjẹbánu, tó sì bọ́. Àwọn olùdìbò bá lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn, pé kí ará ìlú dìbò fún olè náà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwé yẹn ni pé kò pe olè ní ẹni mímọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tú jáde lọ́pọ̀ yanturu ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, Edwards sì wọlé pẹ̀lú ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Síbẹ̀, Duke rí ìbò tó lé ní 670,000, èyí tó ju ìdajì ìbò àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Owó epo rọ̀bì tí Louisiana gbójú lé ti já wálẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó yẹ kó tètè yé àwa tí ìlú tiwa náà ń jẹun lórí epo. Ṣùgbọ́n ebi nìkan kọ́. Ebi yẹn pa aláwọ̀ dúdú náà, kò sì tìtorí rẹ̀ dìbò fún Duke. Ògiri náà ti sán láti ayé oko ẹrú.

Nítorí náà, bí irú Duke bá jáde níbi tí ẹ ń gbé, ẹ má ṣe jókòó sílé nítorí pé ọwọ́ alátakò rẹ̀ kò mọ́. Ẹ fi ìbò lé akátá yẹn jìnnà, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀sùn adìẹ pamọ́ di ẹ̀yìn ìdìbò. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ dá Edwards lẹ́bi lórí owó tó gbà nídìí ìwé àṣẹ ilé tẹ́tẹ́. Ó wọ ẹ̀wọ̀n ní 2002. Duke tó ń pariwo owó orí náà ṣẹ̀wọ̀n ní 2003, ó purọ́ lórí owó orí tirẹ̀.