Àtúnṣe: Àjùmọ̀ṣe kò sọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta di ẹyọ kan

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé bí ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ bá dá ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe sílẹ̀, wọn yóò di ẹyọ kan, owó wọn yóò sì dín kù. Irọ́ ni. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ìgbìmọ̀ kankan kò sì lè pa á rẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tààrà. Ohun tí àjùmọ̀ṣe wà fún ni irú iṣẹ́ bíi kíkó ilẹ̀, nítorí pé gọ́tà tí ọ̀rá omi dí nílùú kan lè da àgbàrá sínú ọjà ìlú kejì, ó sì dùn mí pé irọ́ yìí ń dẹ́rù ba àwọn tí àgbàrá ọ̀hún ń bá lójà.