Ẹ má dúró de Olympics kẹ́ ẹ tó kó àwọn ọmọ lọ wo eré orí yìnyín

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu látìgbà tá a ti ti Jámánì dé. Tí òbí bá ń gbèrò àtikó ọmọ lọ sókè òkun lọ wo eré ìgbà òtútù, Olympics ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdíje World Cup ti eré ìgbà òtútù, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù o, ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ mú eré kan ṣoṣo, níbì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dúró tì í.

Ẹ wo Olympics ọdún 2026 ní Ítálì. Milan ni wọ́n fi hockey orí yìnyín sí, Cortina ni curling (títi òkúta lórí yìnyín), Predazzo ni fífi síkì fò, ìyẹn pátákó gígùn tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀, Antholz ni biathlon, eré tó pa sísáré lórí síkì pọ̀ mọ́ ìbọn yíyìn. Láti Milan dé Cortina nìkan ju 350 kìlómítà lọ, apá tó kẹ́yìn sì jẹ́ ọ̀nà orí òkè. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ti sùn lọ fọnfọn nínú ọkọ̀ kó tó rí ẹnì kankan lórí síkì.

Biathlon làwa lọ wò, ní Ruhpolding, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní gúúsù Jámánì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọdé ni pé kì í jẹ́ kí wọ́n dúró lásán. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sprint, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹlòmíì tún ti gbéra. Gbogbo ìgbà lẹnì kan ń kọjá níwájú yín. Tó bá jẹ́ bobsleigh ni, tí wọ́n ń jókòó sínú ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n á ti kọjá fìrì kí ọmọ tó yíjú.

Òfin rẹ̀ náà ò le. Wọ́n á gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á sáré síkì, wọ́n á fi àyà lélẹ̀ yìnbọn lu àmì dúdú márùn-ún láti 50 mítà. Wọ́n á tún lọ sáré, tí wọ́n bá padà dé, orí ìdúró ni wọ́n á ti yìn ín. Àmì tí wọ́n ń yìn lórí ìdúró fẹ̀ tó 115 mìlímítà, ti ìdùbúlẹ̀ ò ju 45 lọ. Èyíkéyìí tí wọ́n bá tàsé, wọ́n á fi sísá 150 mítà yípo san án. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣàlàyé rẹ̀, àbíkẹ́yìn mi ló wá ń ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀.

Ẹ má náwó lé àga ìdí ibi tí eré ti ń parí. A jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí amóhùnmáwòrán ńlá la sì ń wò ṣáá. Lọ́jọ́ kejì, a lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú igbó, níbi tí òkè ti ga. Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tẹ́ ẹ máa rí itọ́ tó ti gan sí àgbọ̀n wọn. Ẹ wá páálí nípọn dání káwọn ọmọ lè dúró lé e, torí láti àtẹ́lẹsẹ̀ ni òtútù yẹn ti ń gbéni. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kẹ́ ẹ wọ̀ fún wọn, kì í ṣe ti òwú, òwú máa ń mu òógùn, á sì tutù mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Apá inú aṣọ ni kẹ́ ẹ fi fóònù sí, òtútù ń tètè pa bátìrì.

Nígbà tó yá, a sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Tí ìbọn bá bà, awo funfun kan á bo àmì dúdú náà, gbogbo èrò á sì hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan dé, àwọn tó mú ipò iwájú ti parí tipẹ́. Ó yin àkọ́kọ́, ó tàsé. Ó yin ìkejì, ó tàsé. Èrò dákẹ́. Ọmọ mi di ọgbà mú, ó ní, "Mọ́mì, ó ku mẹ́ta." Mẹ́ta yẹn bà. Bó ṣe ń yípo lẹ́ẹ̀mejì láti san èyí tó tàsé, ọmọ yìí ń fi nọ́ńbà àyà rẹ̀ pè é, torí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohùn ti há a kí obìnrin náà tó wọgbó lọ.

Ẹni 60 àkọ́kọ́ nìkan nínú sprint ló máa ń wọ pursuit, eré tó tẹ̀ lé e. Lálẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa méjèèjì ń fi ìka wá nọ́ńbà yẹn lójú fóònù láti òkè wálẹ̀. Ipò 57 la ti rí i. Ọmọ mi fò dìde, ó lọ jí bàbá rẹ̀.