Pípa DHCP kò lé àlejò kúrò lórí Wi-Fi

Bí ọ̀rọ̀ ààbò Wi-Fi bá ti délẹ̀, ìmọ̀ràn kan kì í pẹ́ yọjú: "Ẹ pa DHCP orí ráútà yín, kí ẹ fọwọ́ tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ àdírẹ́ẹ̀sì kò ní lè wọlé." Ó dùn létí, àmọ́ irọ́ ni.

DHCP ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì. Kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ẹnikẹ́ni, ńṣe ló máa ké sí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì pé ta ló lè fún òun ní àdírẹ́ẹ̀sì. Sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín in (ráútà ni nínú ilé), á ní ọ̀kan rèé, kọ̀ǹpútà á ní òun gbà á, sáfà á ní ó di tìrẹ títí di àkókò báyìí. Ó tán. Ọdún 1993 ni ìlànà yìí kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀dà tí IPv4, irú àdírẹ́ẹ̀sì bíi 192.168.1.1, ṣì ń lò jáde ní 1997.

Ìgbà wo wá ni kọ̀ǹpútà ń ké igbe yẹn? Lẹ́yìn tó bá ti wọlé ni. Lórí Wi-Fi tó ní páásíwọ́ọ̀dù, fóònù àti ráútà á kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò, wọ́n á sì fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n á máa fi bo ọ̀rọ̀ wọn, kí DHCP tó gbọ́ ohunkóhun. Ẹni tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù kò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ DHCP. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti wà nínú ilé. Pé ẹ kò fún un ní àga kò túmọ̀ sí pé ẹ tìlẹ̀kùn.

Àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀hún kò sì ṣòroó rí. Àwọn ẹ̀rọ orí nẹ́tíwọ̀kì kì í yé fi ARP, ìlànà tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rọ tó ni àdírẹ́ẹ̀sì kan, pariwo: "Ta ló ni 192.168.1.1? Kó dá 192.168.1.23 lóhùn." Kọ́kọ́rọ́ kan náà ni gbogbo àwọn tó ti wọlé fi ń ṣí irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Kí àlejò ṣáà ṣí Wireshark, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì hàn, kó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á rí àdírẹ́ẹ̀sì ráútà, á rí èyí tí ẹ ń lò, á mú nọ́ńbà mìíràn, bíi 192.168.1.77, á tẹ̀ ẹ́ sí i. Kódà bí kò ní Wireshark, ọ̀pọ̀ ráútà ilé ló jẹ́ pé 192.168.0 tàbí 192.168.1 ni wọ́n bá wá. Kó kàn dábàá ni.

Onílé gan-an nìyà ń jẹ. Ẹ tẹ 192.168.1.20 sórí kọ̀ǹpútà kan, nígbà tó yá ẹ gbàgbé, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Méjèèjì á máa já, á máa padà, ẹ ó sì máa bú ráútà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní àdírẹ́ẹ̀sì DHCP ń yí padà, pé kọ̀ǹpútà kò ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ráútà ló ní ibi tí ẹ ti lè so àdírẹ́ẹ̀sì kan mọ́ nọ́ńbà MAC ẹ̀rọ náà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ṣe mọ́ ẹ̀rọ náà, tí yóò fi máa gba èyí kan náà nígbà gbogbo láìsí pé ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ọ̀hún.

Ibi tí DHCP ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kọ̀ǹpútà kì í bi sáfà pé ta ló rán an níṣẹ́. Bí ẹnì kan bá so ráútà tirẹ̀ mọ́ nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì, ìyẹn náà lè máa pín àdírẹ́ẹ̀sì tí kò wúlò. Orí switch, ẹ̀rọ tí wáyà nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì ń já sí, ni wọ́n ti ń wo ìyẹn sàn: ẹ tan DHCP snooping, kó má gba ìpín àdírẹ́ẹ̀sì láti ibòmíràn àfi ojú ihò tí sáfà tòótọ́ wà.

Ní ti ilé, ìlànà ààbò Wi-Fi tó ń jẹ́ WPA3 tàbí WPA2 pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù gígùn ni kí ẹ gbájú mọ́. Bí páásíwọ́ọ̀dù náà bá ti tàn kálẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ tan DHCP padà, kí ẹ sì dá kọ̀ǹpútà padà sí kó máa gba àdírẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wá rí àdírẹ́ẹ̀sì tó fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti ké, kò rẹ́ni dá a lóhùn: ẹ lọ wo ráútà bóyá DHCP ṣì wà ní pípa.