Gbígbẹ́ Borehole Kọ́ Ni Òpin Wàhálà Omi

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí a bá ń dáwó omi fún abúlé: "Ẹ sáà jẹ́ ká gbẹ́ borehole fún wọn, ó parí." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kiri, l'Ékòó àti lókè òkun, pé kí wọ́n fowó ránṣẹ́, kí abúlé wa létí ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, lè rí omi tó mọ́ mu. Owó pé. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n gbé táńkì sórí òpó irin, baálẹ̀ ṣàdúrà, a ya fọ́tò. Kò pé ọdún méjì tí àwọn ìyá wa tún gbé korobá, wọ́n padà sídìí kànga àtijọ́.

Sùmó tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀ ló jó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kò sówó nílẹ̀ láti ra òmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó rà á. Baálẹ̀ rò pé àwa ará Èkó ni, àwa rò pé abúlé ni. Agbẹ́kànga ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Lọ́dún 2009, àjọ Rural Water Supply Network kó ìròyìn jọ láti bí orílẹ̀-èdè 20 nílẹ̀ Áfíríkà. Nínú ẹ̀rọ omi 3 tí wọ́n ń fọwọ́ fà, ó lé ní 1 tó ti dákẹ́.

Ohun tó tún dùn mí ju ti sùmó lọ ni omi náà fúnra rẹ̀. Ó máa ń mọ́ gaara bó bá ṣe ń jáde. Tó bá sun inú korobá mọ́jú, á ti pọ́n, ìdọ̀tí pupa á ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irin inú ilẹ̀ ló ń yọ́ sínú omi níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó dógùn-ún. Bí irin bá ju mílígíráàmù 0.3 lọ nínú lítà omi kan, ó ti tó láti ba aṣọ funfun jẹ́. Ògì tí wọ́n fi sẹ́ kò funfun mọ́. Irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ mu omi tó pọ́n? Kànga àtijọ́ ni wọ́n sá padà sí, nítorí ó mọ́ lójú, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kò ṣeé fojú rí. Létí òkun lápá Àgbádárìgì, iyọ̀ ni tiwọn. Ká ní a ti gbé omi lọ yẹ̀ wò ká tó sanwó tán, à bá ti mọ̀.

Àwọn kan á ní ará abúlé ni kò mọ nǹkan tọ́jú. Mi ò gbà. Ẹ rántí sòbìà, àrùn aràn tí èèyàn ń kó nínú omi ìdọ̀tí. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, ó lé ní 650,000 èèyàn tó ní in. Ní 2008 la rí ti ìkẹyìn, ní 2013 àjọ ìlera àgbáyé, WHO, jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Kànga wà lára ohun tó lé e lọ, lóòótọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n yàn láti máa wá ẹni tó ní in láti ojúlé dé ojúlé, lọ́dọọdún, láìdáwọ́ dúró.

Nígbà tí a máa dáwó lẹ́ẹ̀kejì, ìgbìmọ̀ omi la kọ́kọ́ yàn. Obìnrin ni akápò, nítorí àwọn ló ń pọnmi. Kẹ́ẹ̀gì kan, náírà mẹ́wàá. Àwọn arúgbó kì í san. Ọmọ abúlé kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa sùmó jáde. Àwọn kan bínú pé à ń ta omi fún àwọn èèyàn wa, ó sì pẹ́ kí ara wọn tó rọ̀.

Sùmó náà tún jó lọ́jọ́ kan. Owó inú àpótí ni wọ́n fi ra tuntun, ní ọjọ́ kẹta omi ti ń jáde. Ìgbà tí wọ́n ṣe é tán ni mo tó gbọ́.