Ẹ̀pà Ò Lè Bá Mi Máàkì Ìwé

Ìmọ̀ràn kan wà tí ẹ ó ti gbọ́ títí etí yín á fi kún: bí iṣẹ́ bá ń sú ọ, gé e sí wẹ́wẹ́, kí o sì máa fi nǹkan aládùn kékeré kẹ́ ara rẹ lẹ́yìn èyí tó o bá parí. Wọ́n ní bí ẹ̀bùn bá ti ń bọ̀ níwájú, ìmẹ́lẹ́ á sá lọ fúnra rẹ̀.

Èmi náà gbà á gbọ́. Olùkọ́ ni mí, nígbà tí táàmù bá sì ń parí lọ, ìwé ìdánwò máa ń ga lórí tábìlì mi bí ebè iṣu. Mo bá ra ìgò ẹ̀pà kan. Mo ní ìwé mẹ́wàá, ẹ̀kúnwọ́ kan. Lọ́jọ́ kìíní, ó dùn. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́wàá ti di mẹ́fà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú mi ò sí lára ohun tí ọmọ ọlọ́mọ kọ mọ́, ìgò ni mò ń wò. Ẹ̀pà tán, ìwé ò tíì dé ìdajì. Ta ni yóò mú mi? Èmi ni mo ṣe òfin, èmi ni mo rú u, èmi náà ni adájọ́ tó dá mi sílẹ̀.

Ìyẹn ṣì ṣe é rẹ́rìn-ín. Ti ọmọbìnrin mi ni kò ṣe é rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún méje ni, ó sì fẹ́ràn kó máa ka ìtàn Ìjàpá fún ìyá mi lálaalẹ́. Mo ní kí n fi kún ìtara rẹ̀: ojú ìwé kan, ₦50. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé! Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó ṣàkíyèsí pé ìwé tí àwòrán gba ojú rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò pọ̀ ló ń ṣà. Nígbà tí owó oṣù pẹ́ kó tó wọlé, mo dá ₦50 náà dúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi pè é pé kó wá kàwé fún òun. Ó dáhùn láti pálọ̀ pé, “Màmá, èló ni ojú ìwé kan?” Ìyá mi kọjú sí mi. Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ti ṣẹlẹ̀ lójú àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tipẹ́. Lọ́dún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett lọ bá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n ṣà. Wọ́n ṣèlérí sátífíkéètì tó ní ìràwọ̀ aláwọ̀ wúrà fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Wọ́n fún àwọn míì ní sátífíkéètì kan náà lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, láìjẹ́ pé wọ́n ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn yòókù ò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó gègé aláwọ̀ oríṣiríṣi wọnnì padà sí kíláàsì láìṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, wọ́n wá ń wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ṣe. Nǹkan bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò nídìí àwòrán ni àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún lò. Àwọn tí tiwọn bá lójijì kò yí padà. Sátífíkéètì kan náà o! Àdéhùn tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ eré di iṣẹ́.

Kíkéré ẹ̀bùn náà sì ní ewu tirẹ̀. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ròyìn lọ́dún 2000 nípa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ísírẹ́lì tó ń lọ láti ilé dé ilé láti gba owó àánú. Àwọn kan ò gba kọ́bọ̀, àwọn kan máa gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá mú wálé, àwọn kan ìdá mẹ́wàá. Àwọn tí ò gba nǹkan kan ló mú owó tó pọ̀ jù wálé. Àwọn tó máa gba ìdá kan ni tiwọn kéré jù.

Ẹni tó bá ti bẹ ọ̀wẹ̀ rí kò ní yà á lẹ́nu. Bí ẹ bá pe ará àdúgbò láti bá yín kọ ebè, ẹ ó se iyán, ẹ ó wá ẹmu, kò sẹ́ni tó máa ka iye ebè tó tó òkèlè kan. Ṣùgbọ́n ẹ fi ₦200 lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ dípò oúnjẹ, kí ẹ wo ojú wọn. “Ṣé igba náírà ni ẹ̀yìn mi?”

Mi ò sọ pé ẹ̀bùn ò wúlò rárá. Ibi tí àwa èèyàn ti ń ṣìnà ni pé a kì í wo irú iṣẹ́ tó jẹ́. Nígbà tí Edward Deci àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àyẹ̀wò 128 nípa ẹ̀bùn jọ lọ́dún 1999, wọ́n rí i pé iṣẹ́ téèyàn ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni èrè tí a ṣèlérí rẹ̀ ń bà jẹ́. Wọn ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò wu ẹnikẹ́ni. Ìyìn látẹnu wá kì í sábà pa á lára. Ìwé mímáàkì ò wu ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ̀pà ò ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀. Kò kàn lágbára ni.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo gbé adùn wọ inú iṣẹ́ dípò ẹ̀yìn rẹ̀. Ètò rédíò kan wà tí mo fẹ́ràn. Mi ò gbọ́dọ̀ tàn án àyàfi bí gègé pupa bá wà lọ́wọ́ mi. Katherine Milkman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú rẹ̀ wò ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2014: ìwé ìtàn amóríyá tí wọ́n kà sórí ẹ̀rọ, téèyàn lè gbọ́ níbi eré ìdárayá nìkan. Ẹsẹ̀ àwọn tó gba ìwé náà kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn tí wọn ò fún lọ ní ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó yá, ó ń dín kù, ìsinmi Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ló wá kó ìyókù lọ. Ó ṣeé ṣe kí rédíò mi náà ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ní ti ọmọ mi, mi ò sọ̀rọ̀ owó mọ́, mi ò sì sọ̀rọ̀ ìwé. Ó lé ní oṣù méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá ìyá mi, Ìjàpá ń jalè lọ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi ti wà nínú àpò kí n tó rántí. Mo fà á yọ lófìfo.

Ìyá mi ní, “O fo ìlà kan. Padà sẹ́yìn.”