Ọ̀rọ̀ kù nípa fíìmù yìí o

Ẹni tó kọ ìròyìn tí ẹ gbé jáde sọ pé The Return of the Musketeers, fíìmù ọdún 1989 nípa àwọn ọmọ ogun onídà ọba Faransé, kò ju ọgbọ́n àtipawó lọ. Èmi ò gbà. Lóòótọ́, kò dùn tó fíìmù méjì tó ṣáájú rẹ̀, ti 1973 àti 1974, àwàdà inú rẹ̀ míì ò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo Oliver Reed àti Michael York! Àwọn òṣèré àtijọ́ náà ni Richard Lester, olùdarí fíìmù náà, kó padà, àgbà sì ti dé sí wọn lára ní tòótọ́, kì í ṣe àtíkè. Idà ṣì wà lọ́wọ́, orúnkún ló ń ṣàròyé. Bí Dumas, òǹkọ̀wé Faransé tó ni ìtàn náà, ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn: ọ̀rẹ́ mẹ́rin tí òṣèlú pín sí méjì, àwọn kan wà lẹ́yìn Mazarin, kádínà tó ń ṣàkóso Faransé, àwọn kan ń bá a jà.

Èyí tí ẹ fò dá ló dùn mí. Roy Kinnear, tó ṣe Planchet, ìránṣẹ́ d'Artagnan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin náà, jábọ́ lórí ẹṣin ní Sípéènì níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù yìí lóṣù Kẹsàn-án 1988, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí, àfi fíìmù eré orin Paul McCartney kan ni Lester tún ṣe. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un.